Àlá Tí Títílọlá Kò Lá

Irọ́ tí Títílọlá pa láàárọ̀ Friday yẹn, kì í ṣe irọ́ ńlá lójú ẹ̀. Ó rò pé òun kàn fẹ́ fi di ihò kékeré kan ni, kí atẹ́gùn má baà wọlé. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an, torí àwọn tó ń rò ó kiri Thamesmead títí dòní, ìdajì ẹ̀ ni wọ́n gbọ́.

Obìnrin Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Ó ń gbé South Thamesmead ní London pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo, Ọpẹ́olúwa. Lọ́dún 2014 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Ọpẹ́ ti pé mẹ́rìnlá. Ọmọ tí ìwé yé ni, ẹnu ẹ̀ sì mú. Tó bá ń sọ Yorùbá, "o" ló máa ń pe ìyá ẹ̀. Títílọlá á ní, "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?" Ọpẹ́ á rẹ́rìn-ín, á tún pè é bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Tuesday kan nínú oṣù kẹta, Ọpẹ́ mú fọ́ọ̀mù kan bọ̀ láti ilé-ìwé. Tíṣà History wọn fẹ́ kó wọn lọ sí abúlé kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, lórí òkè kan téèyàn ti lè máa wo òkun Mediterranean nísàlẹ̀. Ó ti tó ẹgbẹ̀rin ọdún tí wọ́n ti mọ odi yí abúlé náà ká. Orúkọ ẹ̀, ẹnu Títílọlá ò gbà á. Nígbà tó gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, Ọpẹ́ ní kó fi í sílẹ̀.

"Kálukú wa ló máa plan ohun tá a máa ṣe fún wákàtí kan níbẹ̀," Ọpẹ́ sọ. "Phoebe ló gba odi. Èmi ni mo gba gate àti kànga."

Kí wọ́n tó sùn lọ́jọ́ náà, ó ti ya abúlé náà sẹ́yìn páálí pizza, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì. Ó ya ilé kọ̀ọ̀kan, ó ya ọ̀nà, ó ya kànga, ó tiẹ̀ ya ológbò kan tí kò sẹ́ni tó ní kó yà. Lọ́jọ́ kejì, bí ìyá ẹ̀ ṣe ń já ẹ̀fọ́, ó dúró tì í, ó ń ṣàlàyé.

"Gate kan ṣoṣo ló wà. Ó tóóró débi pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì ò lè kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Tí oòrùn bá ti wọ̀, wọ́n á tì í. Ẹni tó bá wà lóde, ìta ló máa sùn. Ẹni tó bá wà nínú, kò lè jáde mọ́."

"Tí ìyá ẹni tó wà nínú bá wá kú síta ńkọ́?" Títílọlá bi í.

"Á dúró di àárọ̀ nìyẹn."

Títílọlá tún mú ẹ̀fọ́ sí i. Ìyá tiẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Orí fóònù ló ti wò ó tí wọ́n ń bu erùpẹ̀ sí i, nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbi iṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ẹkún ẹ̀. Ní tiẹ̀, àárọ̀ yẹn ò tíì mọ́ títí dòní.

Ohun tó fà á tí kò fi lè lọ sin ín nìyí. Físà oṣù mẹ́fà ló gbé Títílọlá wọ London lọ́dún 2001, ó pọn Ọpẹ́ ọmọ oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn. Físà parí, kò padà. Bàbá ọmọ náà ò bèèrè wọn mọ́. Lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, lọ́yà kan gba páspọ́ọ̀tù wọn méjèèjì, ó fi ránṣẹ́ sí Home Office, ọ́fíìsì ìjọba tó ń fún àlejò níwèé ìgbélùú, láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń sọ fún un pé kó ní sùúrù. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Nathan Way ló ti ń gbálẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ló sì fi ń ṣe é. Ọ̀gá ẹ̀ á pe Afusat, á dáhùn. Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run: ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọpẹ́ fúnra ẹ̀ ò mọ̀. Ọsibítù ní Woolwich ni ìyá ẹ̀ sọ fún un pé wọ́n bí i sí.

Fọ́ọ̀mù wá ń bèèrè nọ́ńbà páspọ́ọ̀tù, ó sì gbọ́dọ̀ dé lọ́jọ́ Friday. Lọ́jọ́ Tuesday, Títílọlá ní òun máa wá a. Lọ́jọ́ Wednesday, ó ní inú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà. Lọ́jọ́ Thursday, kó tó ti ibi iṣẹ́ dé, Ọpẹ́ ti wọ́ àpótí jáde fúnra ẹ̀. Léèsì àtijọ́ méjì ló bá níbẹ̀, àti ìwé ètò ìsìnkú ìyá àgbà.

Láàárọ̀ Friday, Ọpẹ́ ti múra tán, ó mú bírò dání. Títílọlá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Ọpẹ́, mo lá àlá."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Láàárín àwa Yorùbá, àlá lágbára ju físà lọ. Bí ìyá bá ti ní òun lá àlá sí ìrìn àjò kan, ẹrù á padà sí yàrá, tíkẹ́ẹ̀tì á ṣòfò, kò sì sẹ́ni tó máa ní kó mú ẹ̀rí wá. Òun ni obìnrin yìí mú lò fún ọmọ tó bí.

"Mo rí òkun," ó sọ. "Mo rí bàtà dúdú tó o fi ń lọ ilé-ìwé, méjèèjì, létí omi. Mo pè ẹ́ títí, mi ò rí ẹ."

Ọpẹ́ wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. "Ṣé o sure, Mummy?"

"Mo rí i kedere."

Ọmọ náà ò jiyàn. Ó ká fọ́ọ̀mù sínú báàgì, ó jáde. Ká ní ó jiyàn ni, ì bá rọ Títílọlá lọ́rùn díẹ̀. Síbẹ̀ ó mí kanlẹ̀, ó gba ibi iṣẹ́ lọ, ó rò pé ó ti parí.

Kò parí. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ náà, Ọpẹ́ sọ àlá yẹn fún Phoebe ọ̀rẹ́ ẹ̀, Phoebe sì délé, ó sọ fún ìyá ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ìyá Phoebe, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ, Mummy Phoebe ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ìwé tiwọn pé: bàbá, ìyá, ọmọ, páspọ́ọ̀tù pupa ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti fóònù tíṣà pé Phoebe ò lọ mọ́.

Ní Sunday, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló ti dì mọ́ Títílọlá.

"Mummy Ọpẹ́, Ọlọ́run lò yín fún mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wá ọmọ yìí. Òkun ì bá kàn gbé e lọ báyẹn."

Ó gbé kúlà ìrẹsì àti adìẹ lé e lọ́wọ́. Kí ìsìn tó parí, obìnrin méjì ti wá bá a ní kọ̀rọ̀, ọ̀kan ní kó bá òun fi orúkọ ọkọ òun sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹni tó ń fi orúkọ olórúkọ jẹun wá daríran ní ọ̀sán kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n délé, Ọpẹ́ jẹ ìrẹsì náà. Títílọlá bu ṣíbí kan sẹ́nu, kò lè gbé e mì.

Lọ́jọ́ Monday, Phoebe tẹ̀ lé Ọpẹ́ wálé. Ó jókòó sílẹ̀ lábẹ́ páálí abúlé, ojú ẹ̀ ti wú. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè.

"Auntie, ṣé o lè lá òmíràn?"

Títílọlá kọjú sí síǹkì, ó ṣí omi, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Inú bí i sí ara ẹ̀. Kí ni ọmọ ọlọ́mọ ṣe fún un?

Bó ṣe ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ Tuesday, ilé Mummy Phoebe ló gbà lọ. "Bàtà Ọpẹ́ ni mo rí o," ó sọ. "Mi ò rí ti Phoebe. Ẹ jẹ́ kó lọ, ẹ jọ̀ọ́."

Mummy Phoebe mi orí. "Omi kì í bi èèyàn lórúkọ kó tó gbé e. Ọjọ́ tí Ọlọ́run bá ní kí Ọpẹ́ lọ, ọjọ́ náà ni tèmi máa lọ. Tíṣà ní òun á fi ààyè àwọn méjèèjì sílẹ̀ di Friday. Ẹ ṣá máa bá wa gbàdúrà sí i."

Títílọlá fẹsẹ̀ rìn wálé létí adágún, ó ń rò ó. Bó bá ní Ọlọ́run ti yí àlá náà padà, Ọpẹ́ á tún mú fọ́ọ̀mù jáde. Bó bá dákẹ́, Phoebe ló máa jìyà ẹ̀. Bó bá sì ní òun ò lá àlá kankan, wọ́n á bi í pé kí ló wá dé tí ọmọ ẹ̀ ò fi lè lọ. Ọ̀rọ̀ tó bá ti dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti dé gbogbo Thamesmead. Ta ló mọ ẹni tó máa fóònù ìjọba? Iwájú ò ṣe é lọ, ẹ̀yìn ò ṣe é padà sí. Ẹ̀rù tó bà á lọ́jọ́ náà, kò bà á tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí físà ẹ̀ parí.

Lọ́jọ́ Wednesday, ó dúró kí Ọpẹ́ jẹun tán.

"Kò sí àlá," ó sọ. "Irọ́ ni mo pa fún ẹ."

Ó wá sọ gbogbo ẹ̀, láti orí físà dórí lọ́yà, títí kan Afusat. Nígbà tó parí, ọmọ náà ní:

"So wọn ò bí mi sí Woolwich?"

"Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo bí ẹ sí. Ẹ̀yìn mi lo wà tá a fi wọ ìlú yìí."

"Ṣé wọ́n lè wá mú wa?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu Títílọlá, ó kù kó já bọ́. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. "Wọ́n lè wá," ó sọ.

Ọpẹ́ dìde, ó lọ bá páálí tó wà lára ògiri. Ìyá ẹ̀ rò pé ó fẹ́ fà á ya. Kò fà á ya. Ó fi èékánná tú sẹ́lótéèpù ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé páálí náà sábíyá, ó wọ yàrá lọ. Títílọlá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀ níwájú ẹ̀. Ojú tì í ju ẹni tí wọ́n ká olè mọ́ lọ́wọ́ lọ.

Lọ́jọ́ Thursday, Ọpẹ́ ti ilé-ìwé dé, kò bọ́ aṣọ. Páálí wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Mummy, jẹ́ ká lọ sílé Phoebe."

"Kí la fẹ́ lọ sọ?"

"Ṣáà máa bọ̀."

Títílọlá tẹ̀ lé e. Ó rò pé ọmọ náà fẹ́ lọ tú gbogbo ẹ̀ síta, ó sì rí i pé òun ò ní ẹnu tí òun fẹ́ fi ní kó má ṣe é. Wọ́n bá Mummy Phoebe lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, ó fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́. Ọpẹ́, tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ fi ojú sọ̀rọ̀ fún un kó tó kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀ fúnra ẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Mo lá àlá lánàá."

Títílọlá di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Mo rí abúlé yẹn," Ọpẹ́ ń sọ ọ́ lọ, ohùn ẹ̀ ò yẹ̀. "Mo rí Phoebe lórí odi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bó ọsàn. Òkun wà nísàlẹ̀, ó jìnnà. Èmi wá ń wá bàtà mi kiri, mi ò rí i níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà wa nílé ni mo ti rí i, bí mo ṣe bọ́ ọ sí gan-an. Èmi nìkan ni wọ́n ní kí n jókòó sílé, Auntie. Phoebe ní láti lọ."

Mummy Phoebe gbé báàgì ẹ̀ sílẹ̀. Ó wo Ọpẹ́ títí, omi wá bọ́ lójú ẹ̀. "Ọmọdé ò lè dédé rí irú èyí kó sọ ọ́," ó sọ. Ó pe Phoebe wálẹ̀ láti òkè, ó ní kó lọ mú fọ́ọ̀mù ẹ̀ wá. Phoebe ò tiẹ̀ rí bàtà wọ̀, ó ń fò kiri pálọ̀.

Ọpẹ́ na páálí sí i. "Gate nìyí, kànga nìyí. Wọ́n ní okùn ti jẹ òkúta ẹnu ẹ̀ wọnú. Bá mi ka ojú ibi tí okùn ti jẹ ẹ́, kó o sọ iye ẹ̀ fún mi."

Mummy Phoebe gbá Títílọlá lẹ́yìn pẹ́pẹ́, inú ẹ̀ dùn. "Ẹ ò rí i, Mummy Ọpẹ́? Ó ti jogún ẹ̀bùn yín."

"A dúpẹ́," Títílọlá dáhùn.

Ìyá àtọmọ dúró ní bọ́ọ̀sì sitọ́ọ̀pù. Títílọlá ò lè wo ojú ọmọ ẹ̀, bàtà dúdú ẹsẹ̀ ẹ̀ ló ń wò. Ọpẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mummy, ṣé mo sọ ọ́ dáadáa?"

Bọ́ọ̀sì ti yọ níwájú. Títílọlá di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó sì sọ fún un pé ó sọ ọ́ dáadáa.