Kòtò Kékeré Inú Òṣùpá

Láti ọjọ́ tí bàbá wọn ti kú ni Àsíyàt àti Khàlíd, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ti ń gbé agbo ilé wọn ní Boukoki, ní ìlú Niamey, bí ológbò àti èkúté. Khàlíd ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú lábẹ́ àtíbàbà inú ọgbà. Àsíyàt ní tirẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé Faransé kan ní àdúgbò Yantala.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsárì, òṣùpá ti yọ kí oòrùn tó wọ̀. Àsíyàt gbé awò gígùn tó fi ń wo ojú ọ̀run síta. Kíá ni àwọn ọmọ kéú ti fi wàláà sílẹ̀, tí wọ́n rọ̀gbà yí i ká. Ó fi èdè Zarma ṣàlàyé fún wọn.

"Ẹ wo àwọn òkè tó tò lọ gbọọrọ yẹn. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ dúdú ló wà nísàlẹ̀ wọn. Kòtò kékeré roboto àárín rẹ̀ ńkọ́? Òkúta ló já bọ́ láti òfuurufú, ló gbẹ́ ẹ."

Ohùn Khàlíd dún lẹ́yìn wọn. "Ta ló ní kí ẹ dìde?"

Àwọn ọmọ fọ́n ká. Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀. "O fẹ́ sọ ilé bàbá mi di ilé ìwòran."

"Ilé bàbá wa ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Òṣùpá tí Ọlọ́run dá, ìwọ ló ń pè ní oníkòtò?"

"Ẹ wò ó fúnra yín. Bí ẹ ò bá rí i, n ò ní gbé awò yìí síta mọ́."

Khàlíd bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ojú sí i. "Èwo ni òkè tó ga jù nínú wọn?" Ohùn rẹ̀ rọ̀. Inú Àsíyàt fẹ́ẹ́ dùn. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín lábẹ́ àtíbàbà. Khàlíd nà tọ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mo ti rí i," ó wí, ó sì fi ẹsẹ̀ ti awò náà ṣubú. Dígí rẹ̀ fọ́ sínú iyanrìn.

"Ẹ rí i, ẹ sì fọ́ ọ."

"Mo fọ́ ọ. Jáde nílé mi."

Àsíyàt wọ takisí lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Yantala, aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan ló bá a lọ. Nígbà tó di Jímọ̀, Khàlíd ránṣẹ́ pé kó wá kó ẹrù rẹ̀. Àsíyàt ní kí wọ́n sọ fún un pé ilé bàbá òun ni ẹrù òun wà, òun sì ń bọ̀ wá bá a níbẹ̀.