Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Péré

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ife yẹn sílẹ̀!"

Ìyá wo ọmọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Ṣé a kì í kí èèyàn mọ́ ni? Ife kẹta rèé láti àárọ̀. Kí ló ń lé ọ bọ̀?"

Ọkùnrin náà jókòó gbì sórí àpótí ìdáná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sẹ́ omi ìdọ̀tí ìlú, èyí tó ń ti ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ wá, títí yóò fi ṣeé mu. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí omi ń gbà kọjá ló ń dá kòkòrò àìsàn dúró. Láràárọ̀, kí wọ́n tó ṣí omi sí ìlú, ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sínú awọ náà, kó sì ṣọ́ ọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí atẹ́gùn bá ń jò, awọ ti ya nìyẹn.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ẹ̀yin èèyàn mi! Ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ló bá wo iye atẹ́gùn tó kọ sínú ìwé lánàá, ó tún un kọ, ó fọwọ́ sí i. Nígbà tí ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kó jẹun ọ̀sán ló wá ṣe àyẹ̀wò náà. Atẹ́gùn ń jò. Dípò kó pe ọ̀gá rẹ̀, ilé ìyá rẹ̀ ló sá wá.

"Awọ ti ya, Màmá. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì kọ ọ́ pé mo yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan."

Ìyá gbé ife kalẹ̀. "Èmi nìkan lo wá gbà là? Nígbà tí mo ní mi ò ní mu omi ṣáláńgá, ta ló bẹ̀ mí pé kí n mu ún? Ṣebí ìwọ ni! Èmi náà ni mo wá ń bẹ gbogbo àdúgbò kiri pé kí wọ́n máa mu ún. Ìyàwó ilé kejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, omi yẹn ló fi ń po oúnjẹ ọmọ ẹ̀!"

Ká ní ilẹ̀ lè lanu ni, ọkùnrin náà ì bá kó sínú ẹ̀. "Wọ́n á lé mi níṣẹ́, Màmá."

"Ó ṣeé ṣe." Ìyá ti ń wọ bàtà. "Mò ń lọ bá ìyá ọmọ yẹn. Kí ni kí n sọ? Ṣé awọ ló ya, àbí ọmọ mi ló purọ́?"

Ọmọ rẹ̀ fa fóònù yọ, ó pe ọ̀gá rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti omi ìlú pa. Irọ́ ni mo kọ sínú ìwé láàárọ̀."

Kò dúró gbọ́ èébú tó tẹ̀ lé e. Ó sáré bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ padà, Màmá. Èmi ni màá lọ sọ fún ìyá ọmọ náà."