Ìṣẹ́tí Ìka Mẹ́rin

Bọ́tìnnì ọrùn kò wọlé.

Aránṣọ tún etí aṣọ náà fà, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì húkọ́.

"Gbé àgbọ̀n sókè jàre. Kí lo gbé mì?"

"Mi ò gbé nǹkan kan mì, Màámi."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, súwẹ́tà kì í sì í kúrò lára rẹ̀, oòrùn ìbáà mú. Ìgbín ni wọ́n ń pè é nílé. Ìyá rẹ̀ gan-an ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí bí wọ́n bá jí i lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kẹrin ló máa ń dìde.

Aránṣọ fi téèpù wọn ọrùn rẹ̀. Ó ti ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó dáa, ọmọ ń dàgbà nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ kó tú ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀, kí aṣọ náà lè gùn sí i. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró.

Ìṣẹ́tí ìka mẹ́rin tó ṣẹ́ sínú yúnífọ́ọ̀mù náà lọ́dún méjì sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀, odindi. Òwú àkọ́kọ́ ni. Etí aṣọ sì kan orúnkún ọmọ, bó ṣe kàn án lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Aṣọ yìí kan náà ló máa ń fi yangàn lójú àwọn oníbàárà. "Ẹ wò ó, ọdún kejì rẹ̀ nìyí! Aṣọ tí mo bá rán kì í kúrú." Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò tí ọmọ náà fi ọdún mẹ́ta jù ti bá a dọ́gba, àwọn aládùúgbò ń béèrè bóyá ìbejì ni wọ́n, òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ń wọn gbogbo ayé, kò wọn ti ilé rẹ̀.

"Bọ́ súwẹ́tà yẹn. Wá síbi fèrèsé."

Nínú ìmọ́lẹ̀ ló ti rí i: iwájú ọ̀fun wú, bí ìgbà téèyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ rọra ti aṣọ láti abẹ́.

Wọn ò dúró jẹun. Nílé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lápá ọmọ náà, ọ̀sán sì ti yẹ̀ kí dókítà tó pè wọ́n padà. Obìnrin àgbàlagbà ni. Ọmọ ló kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

"Ohun kékeré kan wà lọ́fun rẹ, ó rí bíi labalábá. Táírọ́ìdì là ń pè é. Òun ló ń sọ fún ara pé kó dàgbà, kó móoru, kó yára. Àwọn ọmọ ogun inú ara rẹ, tó yẹ kó máa lé àìsàn, ló ń fojú ọ̀tá wò ó. Wọ́n ń bá a jà."

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà, ni aránṣọ rò.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ohun tí mo fún un jẹ ni?"

"Rárá o, Ìyá. Kò sẹ́ni tó fà á. Oògùn kékeré kan ni á máa lò láràárọ̀, kó tó jẹun. Ó lè jẹ́ títí ayé, àmọ́ á padà máa ga. Láti ìgbà wo lẹ rò pé kò ti ga mọ́?"

"Ọdún méjì." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ó wà nínú aṣọ rẹ̀."

Ọmọ náà gbójú sókè. "Dókítà, ṣé òun náà ni kì í jẹ́ kí n lè tètè dìde?"

"Òun ni."

Ọmọ yíjú sí ìyá rẹ̀. Aránṣọ ló kọ́kọ́ gbé ojú kúrò.

Nígbà tí wọ́n délé, aránṣọ ti aṣọ àwọn oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gé yúnífọ́ọ̀mù tuntun. Ó fi àyè sílẹ̀ lọ́rùn. Nígbà tó kan ìsàlẹ̀, ó ṣẹ́ ìka mẹ́rin, ó wò ó, ó sọ ọ́ di mẹ́fà. Ọwọ́ ló fi rán an.

Ọmọ ń wò ó láti orí ibùsùn. "Màámi, òwú yẹn ò mà le."

"Mo mọ̀. Kó lè yá láti tú ni."

Ó já òwú. "Wá wọ̀ ọ́ wò, Ìg—"

Ẹnu rẹ̀ dúró. Ọmọ náà ti sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó ń wá èkejì. Aránṣọ na aṣọ náà síwájú lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì dúró dè é.