Àwọn Tó Wà Lára Ògiri Wa

Ìbínú ni mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má retí pé kí n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Fàsásì, ọmọ tí mo gbé sẹ́yìn bó obì títí tó fi tó ọkùnrin, ló dúró níwájú ilé bàbá rẹ̀ ní Mákùn ní Ṣàgámù, tó ń jágbe mọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọmọ náà kò jalè, kò bú àgbà. Àwòrán ló yà.

Ọdún 1994 ni, ọdún tí epo mọ́tò ṣọ̀wọ́n tí àwọn ọlọ́kadà Ṣàgámù ń fi ìkanra gbé èèyàn. Mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa fẹ́ fi Fàsásì jẹ Bàbá Àdínì lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, iwájú ilé wa sì ni àwọn àlejò yóò jókòó sí. Ó ní kí Tájù, ọkùnrin tó máa ń bá wa kun ilé, fi ẹfun kun ògiri iwájú kó funfun báláú. Tájù kùn ún lọ́jọ́rú. Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Hàbíbátù, ọmọ Fàsásì, rí ògiri tó mọ́ tónítóní, ó sì rí ibi tó tó gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ í yà sí.

Kí ló fi yà á? Obì ni. Ẹ̀yìnkùlé wa la ti ń rẹ obì sómi, tí a ń bó èèpo funfun ara rẹ̀, tí a ń ṣà á kí àwọn oníṣòwò Sábó tó wá kó o. Àwọn tí kòkòrò bá ti jẹ, igun kan là ń dà wọ́n sí. Hàbíbátù a kó wọn, a gún wọn nínú odó kékeré kan tó ti sán, a bu omi sí i, a wé àkísà mọ́ orí igi. Ara sìmẹ́ńtì kàǹga ló ti ń ya nǹkan tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tó bìkítà. Ẹni tí kò bá mọ obì yóò rò pé omi lásán ni ó fi ń tọ́ nǹkan. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i tán ni yóò pọ́n bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ Rẹ́mọ.

Ojúọlá, ìyàwó tí Fàsásì fẹ́ lẹ́yìn tí ìyá Hàbíbátù kú, ló sáré wá pè mí ní ìrọ̀lẹ́. Mo jáde, mo dúró. Ilé wa ni mo rí, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti ṣí iwájú rẹ̀ kúrò, gbogbo yàrá ló hàn síta lẹ́ẹ̀kan náà. Agbọ̀n obì wà níbẹ̀. Kàǹga wà níbẹ̀ tòun ti omi inú rẹ̀. Ojúọlá wà nídìí ìkòkò. Ó ya èmi náà, ọwọ́ mi sì tóbi ju orí mi lọ. Ó ya ọkọ mi tó ti kú sí abẹ́ ilẹ̀ yàrá, ibi tí a sin wọ́n sí gan-an. Wọ́n dé fìlà, ojú wọn là sílẹ̀ kedere, ó dà bíi pé wọ́n ń gbọ́ ohun tí à ń sọ lókè. Ọdún mẹ́wàá ti kọjá tí wọ́n kú, n kò tíì rí ẹni tó kà wọ́n mọ́ wa bẹ́ẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, n kò sì nù ún.

Ó ya bàbá rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnu Fàsásì fẹ̀ tó ẹnu ọ̀nà, kò sì ní etí rárá.

Láàárín gbogbo wa, ó ya obìnrin kan tó ga ju òpó ilé lọ, tó pọn ọmọ. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún mi. Kareemat ni, àbúrò Fàsásì, àbígbẹ̀yìn mi.

Kareemat ló gbé Hàbíbátù pọ̀n láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i tó sì kú, ó sì tọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Lẹ́yìn náà ni Fàsásì fẹ́ fi Kareemat fún ọmọ oníbàárà rẹ̀ kan ṣe aya, kí òwò obì wọn lè di ti mọ̀lẹ́bí. Kareemat ní òun ò ṣe. Ó fẹ́ Máyọ̀kún, ọmọ ìjọ Àdífẹ́ǹtì tí wọ́n ń pa ọjọ́ Sátidé mọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọ wọn ní Ìlíṣàn. Fàsásì ní ẹ̀sìn ni òun ń gbèjà. Irọ́ ni. Ṣóbọ̀wálé, àbúrò bàbá rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ títí tó fi kú, a sì jọ ń jẹ ẹran Iléyá pọ̀. Òwò tó bọ́ mọ́ Fàsásì lọ́wọ́ ló ń dùn ún. Ó ní kí Kareemat má tẹ ilé wa mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ rẹ̀ létí òun. Láti ìgbà náà, ìdí ìsọ̀ obì mi lọ́jà ni èmi àti ọmọ tí mo bí ti ń ríra, a ó máa wẹ̀yìn wò bí olè.

Nígbà tí Fàsásì dé, ó rí ògiri. Ó ní ìtìjú ni, àwọn áfáà kò ní jókòó níwájú ère. Ó ní ta ló ń rí inú ilé láti ìta, ta ló rí òkú tó lajú rí, ta ló kọ́ ọmọ yìí ní ìyàkuyà. Mo ń wò ó. Gbogbo bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára obìnrin tó pọnmọ yẹn. Ó wá bi ọmọ náà pé ta nìyẹn.

"Àǹtí Kareemat ni," Hàbíbátù dáhùn. "Èmi ni mo wà lẹ́yìn wọn."

Ó ní Kareemat kì í gbé ilé yìí.

"Níbí ni mo ti mọ̀ wọ́n," ọmọ náà ní.

Ìyẹn ò tó Fàsásì. Ó na ìka sí ara rẹ̀ lórí ògiri, ó béèrè ìdí tí òun kò fi ní etí. Mo rò pé ọmọ náà yóò ní òun gbàgbé ni, nítorí ohun tí àgbàlagbà yóò sọ nìyẹn.

"Ohun tí ẹ ń lò ni mo yà, Bàbá."

Ọwọ́ Fàsásì gòkè. Mo bọ́ sáàárín wọn. "Bí ọwọ́ yẹn bá máa sọ̀ kalẹ̀, ara mi ni yóò bà," mo wí fún un. Ó fi ọwọ́ náà tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sì ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí Tájù.

Ibí yìí ni mo ti rẹ́rìn-ín. Fàsásì, olóbì ọmọ olóbì, tí obì ti ba agbádá mélòó kan jẹ́ mọ́ lára, gbàgbé ohun tí obì ń ṣe. Ògiri yàrá obì wa ń bẹ lẹ́yìn ilé níbẹ̀. Láti ayé ìyá ọkọ mi, gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn là ń fi ẹfun kùn ún, gbogbo òjò ló sì ń pọ́n padà. Ẹfun kì í bo obì mọ́lẹ̀, ńṣe ló ń mú un pọ́n sí i. Ṣé n kò mọ̀ ni? Mo mọ̀. Mo panu mọ́. Mo gbé àpótí mi síta lọ́jọ́ Jímọ̀, mo jókòó ti Tájù, mo tiẹ̀ kí i pé ó kú iṣẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé máa fi mọ́, wọ́n ti padà. Kareemat ló kọ́kọ́ yọ, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ lé e, ọkọ mi lajú lábẹ́ ilẹ̀, ẹnu Fàsásì pọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Tájù tún kùn ún, ó ń bú ẹfun pé ẹfun ayé òde òní ti di ayédèrú. Mo ní bóyá bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín, inú ń bí mi sí ara mi. Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀. Ní ilé tiwa, àgbà ń pàṣẹ, àgbà ń gbọ́ràn, ọmọdé nìkan ló gbọ́n. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹnì kan ti dín nínú wa. Àwa ń yẹra fún orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́, a ń pè é ní ọ̀wọ̀ fún Fàsásì. Hàbíbátù kò mọ irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fẹ́ ya ilé, ó ka àwọn ará ilé, ó sì fi olúkúlùkù sí àyè rẹ̀, òkú àti alààyè, ẹni tí wọ́n fẹ́ àti ẹni tí wọ́n lé. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní, èmi ìyá ilé, kí ni mo ń bẹ̀rù tí ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hù tán kò bẹ̀rù?

Mo wé ìborùn mi, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìlíṣàn. Kareemat àti ọkọ rẹ̀ wà ní ìsìn lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mo wọlé, mo jókòó sẹ́yìn, mo sì dúró títí wọ́n fi jáde. Nígbà tí Kareemat rí mi, ó rò pé ẹnì kan ló kú. Mo ní kí ó wá sílé lọ́la, kí òun àti ọkọ rẹ̀ wọṣọ tó dára. Ẹ̀rù bà á. Ó ní òun kò fẹ́ ba ọjọ́ ẹ̀gbọ́n òun jẹ́, kí n jẹ́ kí ayẹyẹ kọjá.

"Wọ́n ti yà ọ́ sínú ilé," mo sọ fún un. "Wọ́n fi ẹfun kùn ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, o ò kúrò níbẹ̀. Kí lo tún ń dúró dè?"

Ó sunkún. N kò bẹ̀ ẹ́ mọ́, mo gun ọ̀kadà padà sílé.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwòrán náà tún ti yọ, ṣùgbọ́n Fàsásì ti gbọ́n. Ó kan ẹní tuntun méjì mọ́ ògiri, ó ní ọ̀ṣọ́ ni. Àwọn áfáà jókòó, àwọn olóbì ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, Àlùfáà Àlímì tó jẹ́ lèmọ́mù wa ṣàdúrà, wọ́n wé láwàní fún Fàsásì. Ó yẹ ẹ́, n kò ní purọ́. Mo dúró kí wọ́n ṣe àmín tán. Lẹ́yìn náà ni mo dìde, mo lọ síbi ògiri, mo sì fa ẹní méjèèjì já bọ́ sílẹ̀.

Ẹnì kan nínú àwọn áfáà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwòrán èèyàn kò tọ́. Àlùfáà Àlímì ní ọmọdé ló yà á, kò sí ẹni tó ń forí kanlẹ̀ fún un, kí wọ́n jẹ́ kí òun wò ó. Àlùfáà súnmọ́ ògiri, wọ́n béèrè pé àwọn wo nìyí.

"Dede wa ni," mo dá wọn lóhùn ní Rẹ́mọ wa, pé gbogbo wa ni.

Wọ́n pe Hàbíbátù. Ó sì ń fi igi rẹ̀ tọ́ka sí wa lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tọ́ka sí bàbá àgbà rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, Àlùfáà bọ́ bàtà wọn. Ọ̀rẹ́ ni àwọn àti ọkọ mi láti kékeré. Nígbà tó kan obìnrin àárín, ọmọ náà ń wo ẹnu ọ̀nà àgbàlá. Kareemat ló dúró níbẹ̀, Máyọ̀kún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kò tíì rékọjá.

Àlùfáà wo ẹni tó wà lára ògiri, wọ́n wo ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Fàsásì," wọ́n ní, "ta nìyí?"

Bí ó bá sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n, èmi náà yóò di ẹrù mi tẹ̀ lé e, mo ti pinnu bẹ́ẹ̀. Fàsásì wo láwàní àwọn tó yí i ká, ó wò mí, ó wo ògiri níbi tí ẹnu rẹ̀ wà.

"Àbúrò mi ni, Àlùfáà," ó ní. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. "Kareemat, wọlé."

Hàbíbátù ti sáré débẹ̀ kí ẹsẹ̀ Kareemat tó kan inú àgbàlá. Ó ti ga ju ẹni à ń pọ̀n lọ, Kareemat pọ̀n ọ́n náà, ẹsẹ̀ ọmọ ń gbá a ní ojúgun.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Fàsásì pe ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Ó ní ó yẹ kí ó ya etí fún òun wàyí. Hàbíbátù rò ó díẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí i," ó ní.

Nígbà tí Kareemat tún wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, láìsí àlejò, láìsí lèmọ́mù, Fàsásì fúnra rẹ̀ gbé àga fún Máyọ̀kún, ó sì jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ náà korò, ṣùgbọ́n Fàsásì kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Ní ọjọ́ kejì, Hàbíbátù gún obì, ó gbé àpótí mi lọ sídìí ògiri, ó gùn ún, ó sì ya etí kan fún bàbá rẹ̀.

Ẹyọ kan ni. Fàsásì ní èkejì ńkọ́, ọmọ náà ní òun ṣì ń wò ó. Fàsásì yíjú sí mi pé kí n bá òun bẹ ọmọ náà. N kò bá a bẹ̀ ẹ́.