Ta Ló Ń Jẹ́ Àkànní?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orúkọ ṣe ń jìyà, kó wá sí Adjamé Roxy, ọjà ńlá kan l'Abidjan. Mùfúlíátù gbé orúkọ rẹ̀ wọ ọjà yẹn lódidi, "Mùfú" nìkan ni wọ́n ṣẹ́kù fún un. Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Àwọn oníbàárà Júlà ń pè é ní Tófíkì, àwọn alábàárù ń pè é ní "vié Tao", ìyẹn Tao àgbà. Taofic Ládiméjì ló wà lórí kátì ìdánimọ̀ rẹ̀, ìkòkò àti abọ́ ló sì ń tà. Èyí tí wọ́n bá ṣáà ti pè, á dáhùn.

Àmọ́ nínú yàrá, Àkànní ni. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó máa ki òun bẹ́ẹ̀. Treichville, l'Abidjan níbí, ni wọ́n bí Mùfúlíátù sí, Faransé ló sì kún ẹnu rẹ̀, ó pẹ́ kó tó rí oríkì náà pè bó ṣe yẹ. Tó bá ti pè é, ara ọkùnrin náà á wálẹ̀ wọ̀ọ̀. "Má pè é níta o," ló máa ń sọ. Mùfúlíátù rò pé ìtìjú ni. Ìtìjú kẹ̀! Ọkọ tí kì í ya fọ́tò, tí kì í lọ sílé, tó ní kò sẹ́ni tó kù fóun látìgbà tí ìyá òun ti kú!

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọkọ ṣì wà ní mọ́ṣáláṣí nígbà tí ìyá àgbà kan dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, tòun ti eruku ọ̀nà lórí ìborùn rẹ̀.

"Ẹ kú ọjà o. Ṣé ibí ni Tàófíìkì Ládiméjì wà?"

Ó fa orúkọ náà bí wọ́n ṣe ń fà á ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó gbé e gòkè, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mùfúlíátù ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí.

"Ibí ni, màmá. Èmi ni ìyàwó rẹ̀."

Ìyá náà fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Ìyàwó! Èmi ni mo bí i."

Orí Mùfúlíátù wú. Ṣebí ọkọ òun ní ìyá òun ti kú? Ṣùgbọ́n ta ní í bi ìyá ọkọ ní ìbéèrè kó tó kúnlẹ̀? Ó kúnlẹ̀ gbàgà láàárín abọ́, ó gbé àga wá, ó bu omi tútù. Ká má purọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ìyá ọkọ tí yóò pe òun ní aya ilé.

Ìyá ní ẹnì kan tó ti Abidjan dé ló sọ fóun pé òun gbọ́ orúkọ náà ní Roxy. "Látọjọ́ tóun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jáde nílé, n ò gbóhùn rẹ̀ mọ́. Mo sunkún títí, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́." Ó nu ojú, ó wá ń rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, Yorùbá rẹ ń kọsẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n ṣé o ń ki ọmọ mi? Obìnrin tí kò mọ oríkì ọkọ rẹ̀, àlejò ló ṣì jẹ́ o."

Ọ̀rọ̀ náà gún Mùfúlíátù lára. "Mo mọ̀ ọ́n, màmá! Ojoojúmọ́ ni mò ń kì í. Àkànní!"

Ìyá gbé ife kúrò lẹ́nu. Omi dà sí i láṣọ, kò nù ún.

"Tún un pè."

"Àkànní. Ṣé mi ò pè é dáadáa ni?"

"O pè é dáadáa." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá. "Àjàgbé lèmi ń ki ọmọ mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jáde ló ń jẹ́ Àkànní."

Ẹ̀rù ba Mùfúlíátù. Èèyàn lè gba orúkọ ẹlòmíì sórí kátì, kó fi wọ ìlú, kó fi gbéyàwó. Ṣùgbọ́n oríkì tí ìyá ẹni fi pọ̀nni dàgbà, ta ló lè jù ú nù? Ibẹ̀ lọkùnrin náà ti ṣìṣe.

Òun náà ló ń bọ̀ yẹn, ó fi ẹní ìkírun kọ́ èjìká, ó dúró, ó kọ̀yìn sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń kí àwọn ará ọjà. Ìyá ò dìde. Ó kàn pè é, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ tó ń ṣeré lójúde kó wá jẹun.

"Àkànní oooo!"

"Ẹ́ẹ̀n, ìyá mi!"

Ẹnu rẹ̀ ti jẹ́ ẹ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ìgbà náà ló yíjú padà, tí ojú rẹ̀ sì funfun báláú.

"Àjàgbé mi dà?" ni ìyá wí.

Ọkùnrin náà wọlé, ó rọra fa ilẹ̀kùn irin wálẹ̀ dé ìdajì. Mùfúlíátù ló kọjú sí.

"Ta ló rí màmá yìí nígbà tí wọ́n ń wọlé?" ó béèrè, jẹ́jẹ́.

Jẹ́jẹ́ yẹn ló dá òtútù sí Mùfúlíátù lára. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, àlàyé ni yóò kọ́kọ́ ṣe. Ó dìde, ó dúró sáàárín ọkọ rẹ̀ àti ìyá náà. Khaleelah tó ń ta aṣọ ní ọ̀ọ́kán ló lọgun sí, ó sì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀fun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.

"Khaleelah! Ẹ máa bọ̀ o, gbogbo ará Roxy, ẹ máa bọ̀! Ìyá Taofic ti dé o, wọ́n ń béèrè ọmọ wọn!"