Omi Ọ̀gá Ń Bọ̀

"Yọ ọ́ kúrò, tàbí kó o gbé báàgì ẹ máa lọ!"

Agídí ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Orúkọ tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ nìyẹn, ó sì yẹ ẹ́.

"Ọ̀gá, mi ò ní yọ ọ́."

Ìkànnì ilé ìwòsàn kan ló ń bá wọn ṣe, ibi táwọn aláìsàn ti ń mú ọjọ́ tí wọ́n máa rí dókítà. Tẹ́lẹ̀, téèyàn bá ti tẹ ọjọ́ kan, gbogbo ojú ewé á funfun báláú, á dúró títí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà wà lórí ẹ̀, á fi dáhùn. Tọ́jọ́ yẹn bá ti kún, gbogbo ohun téèyàn kọ á pa rẹ́. Agídí bá tún un ṣe: ìbéèrè ń lọ bá sáfà lábẹ́lẹ̀, aláìsàn ń kọ̀wé ẹ̀ lọ, èsì á kàn yọ ní igun kékeré kan. Ohun tí Ọ̀gá ní kó yọ nìyẹn.

"Ojú ewé tí ò dúró, ta ló máa mọ̀ pé à ń ṣiṣẹ́?" Ọ̀gá ní. "Kí wọ́n dúró! Dídúró lọ̀wọ̀!"

"Ó dáa, sà." Agídí dìde. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá Ọ̀gá bu omi wá."

Màmá tó ń gbálẹ̀ jáde.

"Omi Ọ̀gá ń bọ̀!" Agídí kígbe. "Kẹ́nikẹ́ni má mira o!"

Gbogbo ọ́fíìsì gan pa. Akọ̀wé gbẹ́sẹ̀ kan sókè bí àkùkọ. Fóònù Ọ̀gá dún, ó nawọ́ sí i.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, sà! Omi ò tíì dé."

"Ìyàwó mi ni!"

"Kí wọ́n dúró. Dídúró lọ̀wọ̀."

Eṣinṣin bà sí imú Ọ̀gá. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó rí ojú gbogbo wọn, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀.

Màmá yọrí. "Omi ti tán, sà. Ṣé kí n po tíì?"

"Yéè!" Agídí ní. "Gbogbo ẹ̀ ti pa rẹ́. Ọ̀gá, ẹ padà sẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti 'Yọ ọ́ kúrò.'"

Akọ̀wé ṣubú lulẹ̀. Ọ̀gá ti dẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́ kó tó rántí pé òun lọ̀gá.

"Nǹkan kékeré kan tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé ńkọ́, kí wọ́n ṣáà lè mọ̀ pé à ń ṣiṣẹ́?" ó fọhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Rárá, sà."

Màmá ti lọ po tíì. Fóònù tún dún. Tíì ò tíì dé, Ọ̀gá ti gbé e.

Agídí gbé báàgì ẹ̀ nílẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga, ó jókòó.