Orúkọ Tí Wọ́n Tú Lára Aṣọ Ọmọ

Orúkọ tí aránṣọ kan sọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, mi ò ní pè é níbí. Ẹ má bínú. Ìdílé méjì ló ti ń jà sí i. Bí mo bá pè é, ìdílé kẹta lè dìde, èmi ò sì lágbára ẹjọ́.

Ọjọ́ Ẹtì la wà yìí. Tó bá di ọjọ́ Ajé, aránṣọ gbọ́dọ̀ padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ níbi iṣẹ́, torí ọ̀gá ti ní bí kò bá dé, kó má wulẹ̀ wá mọ́. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó wálé. Ètò tí aránṣọ ṣe dára: bàbá rẹ̀ á tọ́jú ọmọ láàárọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ á gbà á lọ́wọ́ bàbá lọ́sàn-án. Àmọ́ àwọn méjèèjì ò kí ara wọn mọ́. Ta ló máa wá gbé ọmọ fún ta?

Orúkọ yìí ló dá a sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó dárúkọ ọmọ fún wọn, kò tíì ráyè sọ ibi tó ti rí i tí bàbá rẹ̀ fi pàtẹ́wọ́, ó ní èdè àwọn ará etídò tó bí òun ni, pé “ẹni tó dé lẹ́yìn òjò” ló túmọ̀ sí. Ìyá ọkọ ní kí wọ́n dákun. Ó ní èdè àwọn ará orí òkè ni, ìyá ìyá òun gan-an jẹ́ ẹ, “ẹni tí kì í gbàgbé ilé” ló sì túmọ̀ sí. Bàbá bi í bóyá òjò kì í rọ̀ lórí òkè ni. Ìyá ní ó ń rọ̀, àwọn kì í kàn fi sọ ọmọ ni.

Ìbá mọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ogójì ọdún ni bàbá fi ránṣọ kó tó fẹ̀yìn tì, ìyá ọkọ sì rèé, gbogbo àdúgbò ló ń gbé aṣọ wá fún un pé kó bá àwọn fi òwú ṣọnà sí i. Aránṣọ ti fi òwú aláwọ̀ ewé kọ orúkọ sí etí aṣọ tí wọ́n fi ń wé ọmọ. Bàbá wá, ó fi òwú búlúù kọ ìtumọ̀ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ìyá ọkọ wá, ó fi abẹ́rẹ́ tú u fínnífínní, ó fi òwú pupa kọ tiẹ̀. Bàbá tún dé, ó tún tú u. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é, tí aṣọ fi lu jára bí asẹ́, tí ẹnì kan nínú wọn sì tú orúkọ fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá ní ìyá ni. Ìyá ní àwọn ará etídò ò mọ òwú kan yàtọ̀ sí òmíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì yìí, agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí aránṣọ wá wọn ọmọ. Bàbá wà ní pálọ̀, ìyá ọkọ wà ní ilé ìdáná, aránṣọ dúró sáàárín, ó ń bá wọn jẹ́ iṣẹ́.

“Sọ fún ìyá ọkọ ẹ pé tíì mi ti tutù.”

“Sọ fún bàbá ẹ pé òjò ló rọ̀ sí i.”

Agbẹ̀bí gbé aṣọ ọmọ sókè níwájú fèrèsé. “Ṣé eku ló jẹ ẹ́ ni?”

Ẹkún ni aránṣọ bú sí. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un pátá, ti ọ̀gá, ti ọjọ́ Ajé, ti òwú, ti orúkọ.

“Orúkọ wo nìyẹn?” ni agbẹ̀bí bi í.

“Orúkọ yín ni, mà.”

Agbẹ̀bí ni gbogbo ayé ń pè é, kò sẹ́ni tó ronú pé ó ní òmíràn. Bàbá jáde, ìyá ọkọ náà jáde tòun ti ṣíbí lọ́wọ́.

“Ará etídò ni yín, àbí?” ni bàbá bi í.

“Rárá, bàbá. Ilé wa jìnnà sódò, ó sì jìnnà sókè.”

“Kí ló wá túmọ̀ sí lọ́dọ̀ yín?” ni ìyá ọkọ wí.

Agbẹ̀bí wo aṣọ, ó wo ojú aránṣọ. “Orúkọ ewúrẹ́ wa ni. Kì í gbọ́ràn, aṣọ ló máa ń jẹ. Bàbá mi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ọ̀sẹ̀ tó kú ni wọ́n bí mi.”

Bàbá wá àga, ó jókòó. “Ìyá, kí lẹ tiẹ̀ ní ó túmọ̀ sí lórí òkè?”

“Ẹni tí kì í gbàgbé ilé.”

“Ìyẹn bójú mu.”

“Ti òjò yẹn náà ò burú,” ni ìyá ọkọ wí. “Òjò mọ́ tónítóní.”

Kí agbẹ̀bí tó kó òṣùwọ̀n rẹ̀ sínú báàgì, wọ́n ti tẹ́ aṣọ tuntun sórí tábìlì, bàbá mú etí kan, ìyá ọkọ mú èkejì, wọ́n ń fi òwú kọ orúkọ, àti ìtumọ̀ méjèèjì sábẹ́ rẹ̀, kí àyè má baà ṣẹ́ kù fún ewúrẹ́. Mo gbọ́ pé ìyá tún ní tó bá di ọjọ́ Ajé, kí bàbá gbé ọmọ wá bá òun nídìí iná, tíì gbígbóná á wà níbẹ̀. Ọkàn aránṣọ balẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ó sin agbẹ̀bí dé ẹnu géètì. “Mà, ẹ má bínú nítorí ti ewúrẹ́ yẹn.”

“Ewúrẹ́ wo? A ò sin ewúrẹ́ rí.”

“Kí wá ni ìtumọ̀ ẹ̀?”

“Mi ò mọ̀. Bàbá mi ti kú kí n tó rántí bi í. Àmọ́ lọ́jọ́ tó ò ń rọbí, tí mo ní kó o máa pè mí lórúkọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún lo pè é. Mo kà á. Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré kọ́ lẹ sì jẹ́ mi,” ni aránṣọ wí. “Gbogbo ẹ̀ lẹ jẹ́.”

Agbẹ̀bí gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ní ọmọ mìíràn ń dúró de òun lójúlé kejì, ó sì tètè kọjú sọ́nà kí aránṣọ má baà rí omi tó lé sójú rẹ̀.